Obìnrin Tó Gba Iṣẹ́ Pàǹtí Kíkó ní Ìbà

Wolé-wolé ni mí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ náà ní agbègbè Ọ̀jọ́, láti ìgbà tí a ṣì ń wọ kakí, tí àwọn ènìyàn sì ń sá wọ yàrá bí wọ́n bá rí wa lọ́ọ̀ọ́kán. Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó wọ inú ilé, a ó ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, a ó wo ilé ìdáná, a ó wo ṣáláńgá, a ó wo gọ́tà iwájú ilé. Bí ohun kan kò bá dára, a ó sọ fún onílé. Bí onílé bá kọ̀ tí kò ṣe é, a ó gbé e lọ sí kóòtù. Mo mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ níwọ̀nba, bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ pàǹtí kíkó lé àwọn agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní lọ́rì, òun ló ní dírẹ́bà, òun ló ní àwọn tó ń fi ṣọ́bìrì kó o. Àwọn lọ́rì náà bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa títí koríko fi bo táyà wọn mọ́lẹ̀. Ni wọ́n bá ní kí ẹni tó bá ní lọ́rì wá gba iṣẹ́.

Ọ̀gá mi ní ẹ̀ka ìmọ́tótó, ọkùnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ìwọ ni wàá máa mójú tó agbaṣẹ́ṣe tó ń kó pàǹtí Ìbà àti Òkòkómáìkò," ó ní.

Mo bi í pé, "Kí ni kí n máa ṣe, sà?"

"Máa wò ó."

"Bí kò bá ṣe é dáadáa ńkọ́?"

Ó rò ó díẹ̀. "Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o gbé e wá fún mi."

Kò sí ẹni tó sọ fún mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onílé tí tanwíji bá wà nínú ìkòkò omi rẹ̀, mo mọ ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tí lọ́rì rẹ̀ kò bá yọjú, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Kì í ṣe arúfin, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa ló fún un níṣẹ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa ṣọ́ ọ.

Obìnrin ni agbaṣẹ́ṣe náà. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì ní ìsọ̀ ní Alábà níbi tó ti ń ta fáànù àti áyọ́ọ̀nù. Lọ́rì kan ṣoṣo tó ní, ọkọ rẹ̀ ló fi ń kó yanrìn tẹ́lẹ̀, kí àìsàn tó dá ọkọ náà dúró sílé. Lọ́rì wà nílẹ̀ lásán. Nígbà tó gbọ́ pé ìjọba ń wá ẹni tó ní lọ́rì, ó lọ, nítorí pé ìyàwó alága máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi òun: ṣé lọ́rì yín ṣì ń rìn?

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí mi ní ọ́fíìsì, ó wọ léèsì, ó sì gbé fáànù orí tábìlì kan dání nínú páálí.

"Àǹtí wolé-wolé, ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ooru ibí yìí pọ̀. Ẹ gba èyí kí ẹ máa fi rí afẹ́fẹ́."

Mo dúpẹ́, mo sì ní kó jọ̀ọ́ gbé e padà. Kò bínú, kò sì tijú. Ó ní kí n má rò ó sí nǹkan kan, pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń kí ènìyàn lọ́jà. Ó gbé páálí náà sábẹ́ apá, ó sì lọ.

Oṣù díẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kò dára rárá. Lọ́rì náà ń wá nígbà tó bá wù ú. Ní ẹsítéètì Ìbà, àwọn ènìyàn ti máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí oòrùn tó ràn, lọ́rì á sì dé lọ́sàn-án nígbà tí géètì wọn wà ní títì. Àwọn tó ń kó o á gbé ohun tí wọ́n bá rí níta, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Ìyókù yìí ló ń di òkìtì ní igun-igun, tí ewúrẹ́ ń tú u, tí ẹṣinṣin ń kùn lórí rẹ̀. Ohun tí lọ́rì bá sì rí kó, kò bò ó. Bí ó bá ti já sójú ọ̀nà Òkòkómáìkò, bébà sìmẹ́ǹtì àti ewé ẹ̀kọ á máa fò jáde lẹ́yìn rẹ̀, á máa balẹ̀ síwájú ìsọ̀ àwọn ènìyàn. Ó wá dà bí ẹni pé a ń san owó kí wọ́n máa kó pàǹtí láti Ìbà wá dà sí Òkòkómáìkò.

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá mi kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìròyìn rẹ yìí mà le o," ó sì fi í sínú fáìlì. Oṣù kejì, mo tún kọ ọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi wá ní kí n jókòó.

"Wò ó," ó ní, "ẹni tó fún obìnrin yẹn níṣẹ́ kì í ṣe èmi. Ṣé o fẹ́ kí n lọ bá alága pé ẹni tó mú wá kò mọ iṣẹ́?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Lọ wá nǹkan kan ṣe sí i."

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé. Kò sí àṣẹ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dí mi lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni pé obìnrin náà kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibi tó gbà láti máa tọ́jú. Mo ránṣẹ́ sí i ní Alábà pé kó bá mi pàdé ní ẹsítéètì Ìbà ní Sátidé ìmọ́tótó, èyí tó máa ń kẹ́yìn oṣù, kó sì tètè dé kí wọ́n tó dá ọkọ̀ dúró lójú títì.

Ó wá. Ó we gèlè, ó sì wọ bàtà onígìgísẹ̀. Mo mú un gba ẹ̀yìn àwọn ilé alájà, níbi tí òkìtì tó pọ̀ jù wà. Òjò ti rọ̀ sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Ìdin ń rìn lára ògiri. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó fi bo imú, lẹ́yìn náà ó tún yọ ọ́ kúrò, bóyá nítorí pé ó rí i pé mi ò bo tèmi.

Bàbá kan jáde sí wa láti ilé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Èmi ló mọ̀, kò mọ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Wolé-wolé, ẹ káàárọ̀," ó ní. "Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ń ṣe wá. Àdúrà tí mò ń gbà ni pé kí Ọlọ́run mú ẹni tó gba iṣẹ́ yìí débí lọ́jọ́ kan, kó wá gbóòórùn rẹ̀."

Obìnrin náà ló dáhùn.

"Èmi ni, bàbá."

Bàbá wò ó láti orí gèlè dé bàtà. "Ẹ̀yin?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ẹ gbóòórùn rẹ̀ báyìí?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Ó dáa," bàbá ní, ó sì padà sídìí ilẹ̀ tó ń gbá.

A jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi kan nítòsí géètì. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe gan-an?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń rí mi fín ni. Mo ní, "Pàǹtí ni kí ẹ máa kó, mà."

"Mò ń kó o. Lọ́rì ń wá. Ìwé tí wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n máa kó pàǹtí agbègbè Ìbà àti Òkòkómáìkò. Wọn ò sọ ọjọ́. Wọn ò sọ àsìkò. Wọn ò sọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Bí dírẹ́bà bá wá sọ fún mi lálẹ́ pé òun ti kó o, kí ni mo fẹ́ sọ? Bí ẹnì kan bá wá ra fáànù lọ́wọ́ mi, á sọ fún mi bóyá èyí tó ń dúró lórí tábìlì ló fẹ́ ni, tàbí èyí tí wọ́n ń so mọ́ àjà."

Mo ti ka ìwé àdéhùn náà. Òótọ́ ló sọ. Ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe máa fìyà jẹ agbaṣẹ́ṣe gùn, ìlà tó sọ ohun tó máa ṣe kò ju méjì lọ.

A pe bàbá olùkọ́. Ó gbé àga wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni tó ń pín iṣẹ́ ilé. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ fún ẹsítéètì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì fún Òkòkómáìkò. Kí lọ́rì dé kí àwọn ènìyàn tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Kí wọ́n máa lu agogo bó bá ti wọ àdúgbò, kí kálukú lè gbé garawa tirẹ̀ jáde. Kí wọ́n fi tapólì bo ẹrù. Kí wọ́n gbá ibi tí wọ́n bá ti kó o. Obìnrin náà ló wá béèrè ohun tí mi ò rò dé.

"Ta ló máa sọ pé mo ṣe é tàbí mi ò ṣe é? Kì í ṣe dírẹ́bà mi o. Mi ò sì lè ní kó jẹ́ ẹ̀yin, Àǹtí, torí ẹ ò sí níbí lójoojúmọ́."

Bàbá ní òun á máa wo ti ẹsítéètì. Ní Òkòkómáìkò, mo mọ obìnrin aránṣọ kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà níta lójú títì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí kò sí ohun tó ń kọjá tí kò rí. A lọ bá a lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó sì gbà.

Mo kọ àdéhùn wa sórí bébà, mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi. Ó kà á tán, ó ní, "Èyí ò sí nínú kọ́ńtíráàtì. O ò lè fi mú un."

Mo ní, "Ó ti gbà pé òun máa ṣe é, sà."

"Kó dára o," ó ní.

Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní yanrìn lòun mọ̀ ọ́n kó, òun ò lè máa lu agogo kiri bí ẹni tó ń kiri búrẹ́dì. Ni obìnrin náà bá fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó sì jókòó síwájú lọ́rì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gòkè, ó bá yanrìn tútù nísàlẹ̀ lọ́rì, ó sì yé e lójú ẹsẹ̀ ìdí tí lọ́rì òun kì í fi í dé Ìbà títí di ọ̀sán. Dírẹ́bà ń bá àwọn tó ń kọ́lé kó yanrìn láàárọ̀ kó tó wá sídìí pàǹtí. Mo rò pé ó máa lé e. Kò lé e. Ó sọ fún un níṣojú mi pé, "Ẹ máa kó yanrìn yín ní Sátidé, kí ẹ sì máa sọ fún mi." Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà náà, òun gan-an ló ń lu agogo, ó sì ń lù ú bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn.

Láàárín oṣù díẹ̀, nǹkan yí padà. Bí o bá dúró ní ẹsítéètì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wàá gbọ́ agogo náà láti ìhà géètì, wàá sì gbọ́ ìlẹ̀kùn tó ń ṣí lókè lódò. Ọkùnrin tó so táì mọ́rùn á gbé garawa lọ́wọ́ kan, á gbé báàgì iṣẹ́ lọ́wọ́ kejì. Àwọn ọmọdé á sáré. Igun tí ìdin ti ń gun ògiri tẹ́lẹ̀, ẹnì kan gbin ewédú síbẹ̀. Ní Òkòkómáìkò, aránṣọ náà sọ fún mi pé òun ti ń ká aṣọ oníbàárà sórí tábìlì níta láìbẹ̀rù pé nǹkan máa fò lé e.

Obìnrin náà kò wọ léèsì wá mọ́. Ó ra bàtà rọ́bà tó ga dé orókún ní ọjà inú bárékè àwọn sójà, ó sì ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìró àǹkárá. Nígbà kan tí dísù wọ́n, tí ìlà ọkọ̀ gùn ní gbogbo ilé epo, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, ó ní òun ò ní rí epo tó máa dé Òkòkómáìkò lọ́jọ́ kejì. Mo rìn lọ sọ fún aránṣọ, aránṣọ sọ fún àdúgbò. Ẹnikẹ́ni kò gbé garawa jáde lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì bú u. Ìyẹn yà mí lẹ́nu ju ọjọ́ tí lọ́rì wá lọ.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nítorí ipò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Òjò ọdún yẹn ló yí i padà. Lọ́rì rì sínú ẹrọ̀fọ̀ lójú ọ̀nà kan ní Ìbà, ẹrù kún inú rẹ̀, a sì bọ́ sílẹ̀ láti tì í, èmi, òun, àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Mo dúró díẹ̀ láti ká ìró mi. Ó kígbe mọ́ mi pé, "Ti ìhà ọ̀dọ̀ rẹ, jàre! Má dúró máa wò mí!" Lọ́rì jáde. Láti ọjọ́ náà, kò tún pè mí ní "ẹ" mọ́, mo sì rí i pé ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn sójà gba ìjọba padà. Alága lọ sílé. Wọ́n gbé alábòójútó kan wá sípò rẹ̀, ìyẹn sì kéde pé gbogbo agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n máa yẹ̀ wò lákọ̀tun, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ló máa dúró, kì í ṣe ẹni tó mọ ènìyàn. Inú mi dùn sí i. Mo ro ohun tí màá sọ, mo tilẹ̀ bẹ bàbá olùkọ́ pé kó múra sílẹ̀ bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é.

Wọ́n ní kí kálukú gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ọgbà ọ́fíìsì wa. Obìnrin náà àti dírẹ́bà rẹ̀ fọ lọ́rì náà títí ọ̀dà aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ fi ń ṣí. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń yí àwọn ọkọ̀ náà ká. Wọ́n wo táyà, wọ́n ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ọwọ́ lu bọ́dì, wọ́n ń kọ nǹkan. Mo sún mọ́ ẹni tó ṣáájú wọn, ẹnjiníà kan tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ ò ní bi àwọn tí wọ́n ń bá kó pàǹtí?"

Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Màdáàmù, ọkọ̀ la wá yẹ̀ wò lónìí. Ti àwọn ará àdúgbò máa ní ọjọ́ tirẹ̀."

Ọjọ́ náà kò wá.

Ọkọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó funfun, ó sì jẹ́ tuntun. Ẹnu irin ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé pàǹtí mì tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́nú. Dírẹ́bà rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, ẹnu náà là, ó tún pa dé. Gbogbo wa ló kóra jọ síbẹ̀. Àwọn akọ̀wé ń pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé. Ọkọ̀ náà dára lóòótọ́. Obìnrin náà pàápàá dúró wò ó, ó ní, "Ẹ̀rọ rèé o."

Ọkọ̀ funfun yẹn ló gba Ìbà àti Òkòkómáìkò. Wọ́n fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí obìnrin náà pé iṣẹ́ rẹ̀ máa dópin nígbà tí oṣù bá parí, mo ní kí wọ́n fún mi, mo sì gbé e lọ sí Alábà fúnra mi. Mo bá a níbi tó ti ń fi aṣọ nu eruku ara àwọn fáànù. Ó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró.

"Ṣé mo ṣe nǹkan kan ni?" ó bi mí.

"Rárá, mà."

"Ṣé ẹnì kan fẹjọ́ mi sùn?"

"Ẹnikẹ́ni kò fẹjọ́ yín sùn. Wọn ò tilẹ̀ béèrè."

"Kí ni wọ́n wá wò?"

"Lọ́rì, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìbínú, ó jọ ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti ń fura sí fún. Ó nu fáànù kan tán, ó gbé òmíràn.

"Oṣù yìí kò tíì parí," ó ní. "Ọjọ́bọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n á ti máa retí mi."

Ó lọ lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún wọn pé èyí lòpin, pé àwọn mìíràn ló ń bọ̀. Bàbá olùkọ́ gbé àga jáde fún un, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè jókòó, pé lọ́rì ń jẹ epo. Bàbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, màdáàmù." Mo dúró lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, mi ò sì mọ ẹni tí màá bínú sí.

Ọkọ̀ funfun náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ń wá lójú ọ̀nà ọlọ́dà, ẹnu irin rẹ̀ ń là, ó ń pa dé. Ṣùgbọ́n kò lè wọ àwọn ọ̀nà oníyanrìn tó wà lẹ́yìn, kò ní agogo, kò sì ní ọjọ́. Mi ò rí agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ rí. Ó ní iṣẹ́ ní ibi púpọ̀. Máníjà rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń gbà sí gbogbo ohun tí mo bá sọ. Mo fún un ní ọjọ́ àti àsìkò, ó gbà. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá àti aránṣọ, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ tún dé nígbà tó wù ú. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó rì ní Ìbà, katapílà ló fà á jáde, ẹnu irin náà sì kọ̀, kò là mọ́. Wọ́n ní òkè òkun ni ẹ̀yà tó bàjẹ́ náà ti máa wá. Mò ń kọ ìròyìn, ọ̀gá mi ń fi í sínú fáìlì.

Bàbá olùkọ́ wá bá mi ní ọ́fíìsì.

"Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan," ó ní. "Bí àwa ará ẹsítéètì bá dáwó láàárín ara wa, tí a sì pe obìnrin yẹn padà, ṣé a rúfin?"

Mo wo inú òfin wa. Mi ò rí ibi tó ti kà á léèwọ̀. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ẹsítéètì ṣèpàdé, wọ́n sì dáwó. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, lọ́rì aláwọ̀ ewé padà wọ géètì, dírẹ́bà sì ń lu agogo.

Ti Òkòkómáìkò kò rí bẹ́ẹ̀. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń kó wá, wọ́n ń kó lọ, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan. Aránṣọ gbìyànjú láti kó àdúgbò jọ. Àwọn kan wá, wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ni, kí ìjọba ṣe é. Òkìtì tó wà lójú títì ń ga sí i títí bọ́ọ̀sì fi ń yà fún un. Mo lọ bá obìnrin náà, mo ní kó jọ̀ọ́ ro ti Òkòkómáìkò.

"Ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" ó bi mí. "Ní Ìbà, mo mọ ẹni tó máa bá mi wí. Lọ́hùn-ún, tí mo bá ṣe é, ta ló máa mọ̀? Tí mi ò bá sì ṣe é?"

Síbẹ̀, bí àyè bá ṣẹ́kù nínú lọ́rì, ó máa ń yà níwájú ilé aránṣọ kó tó lọ, á kó tibẹ̀ nìkan.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi lọ sí ìhà Ọ̀tọ̀-Àwórì, láti máa yẹ ilé oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran wò. Ẹlòmíràn gba iṣẹ́ mi. Ọkọ obìnrin náà kú ní nǹkan bí ọdún méjì sí i, ó ta lọ́rì fún dírẹ́bà, ó sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀ pátápátá. Dírẹ́bà ń bá iṣẹ́ ẹsítéètì lọ fúngbà díẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń gbìyànjú.

Ní ti òkìtì Òkòkómáìkò, wọ́n fi katapílà kó o lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé àlejò ńlá kan fẹ́ gba ọ̀nà náà kọjá lọ sí Àgbádárìgì. Mò ń kọjá lọ lọ́sẹ̀ kejì, mo rí i pé ojú ibẹ̀ mọ́, mo sì bọ́ sílẹ̀ kí n lè kí aránṣọ. Mi ò rí i níta. Ó ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, sábẹ́ páànù kan tó so mọ́ ògiri. Mo ní wọ́n ti kó òkìtì náà, kí ló dé tí kò padà síta. Ó ní òun ti rí i pé wọ́n kó o, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tó máa padà wá kó o lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wọ òwú sójú abẹ́rẹ́, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó sì ní kí n jókòó, pé oníbàárà òun ń bọ̀ wá gba aṣọ nírọ̀lẹ́.